Ṣé Ká Ra PS5 Ni, Àbí Ká Máa San Owó Oṣooṣù?

Àwọn òbí tó ń gbé ẹ̀rọ géèmù wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, kì í bèèrè púpọ̀ nípa ohun tó ṣe é. "Ẹ̀ńjíníà, ẹ sáà bá wa ṣe é kó tàn." Ohun tó ń jẹ wọ́n lọ́kàn ni èyí tí wọ́n máa rà bí èyí tó wà lọ́wọ́ yìí bá kú pátápátá. Nígbà kan rí, ìdáhùn rẹ̀ kò le. Ẹni tó ní PS2 ń retí PS3, ẹni tó ní PS3 ń retí PS4, bí ọdún sì ṣe ń gorí ọdún ni owó wọn ń wálẹ̀. PS2 tó jáde ní 299 dọ́là ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2000 ti já sí 99 dọ́là nígbà tó fi di ọdún 2009. Ẹni tó bá ní sùúrù á rí i rà.

Sùúrù kò ṣiṣẹ́ mọ́ báyìí. PS5 tí kò ní ojú síìdì jáde ní Ìlú Ọba ní £359.99 ní oṣù kọkànlá ọdún 2020. Nígbà tó di oṣù kẹrin ọdún 2025, wọ́n ti gbé e dé £429.99. Xbox Series S tó jẹ́ £249.99 nígbà tó jáde di £299.99 ní oṣù karùn-ún ọdún 2025 kan náà. Ẹ̀rọ ń gbó, owó rẹ̀ ń lé sí i. Èmi ò rí irú ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti di irin tí a fi ń jó wáyà mú nídìí iṣẹ́ yìí.

Bí owó ẹ̀rọ ṣe ń gòkè yìí ni ọ̀nà mìíràn ń là. Àwọn ilé iṣẹ́ bíi Microsoft àti Nvidia ń sọ fáyé pé kò pọn dandan kéèyàn ní ẹ̀rọ géèmù nílé rárá. San owó oṣooṣù, mú pádì dání, jẹ́ kí tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù rẹ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí o máa gbá bọ́ọ̀lù rẹ lọ. Cloud gaming ni wọ́n ń pè é. Géèmù àtòkèèrè ni màá máa pè é níhìn-ín. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣì í mú fún géèmù tí ọ̀rẹ́ méjì ń bá ara wọn ta lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nínú ìyẹn, ẹ̀rọ kálukú wà nílé rẹ̀. Nínú ti àtòkèèrè, ẹ̀rọ kò sí nílé ẹnì kankan nínú wọn.

Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Manchester ló mú kí n jókòó ro ọ̀rọ̀ yìí délẹ̀. Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ Sunday kan. "Bọ̀dá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ yín ò jẹ́ kí n sinmi mọ́. PS5 ló ń pariwo láàárọ̀, PS5 ló ń pariwo lálẹ́. Bàbá ẹ̀ ní ká yáa máa san ti oṣooṣù. Ẹ̀yin lẹ wà nídìí iṣẹ́ yẹn, èwo lẹ rò pé ó dáa?" Láàárín àkókò yẹn náà ni ọkùnrin kan tó ní ilé géèmù ní Agbowó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Yunifásítì Ìbàdàn, wá bi mí ní irú ìbéèrè yẹn nítorí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti gbọ́ pé wọ́n ń ta géèmù láìsí ẹ̀rọ, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá òun lè dín ìnáwó kù. Ohun tí mo sọ fún àbúrò mi yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí mo sọ fún ọkùnrin yìí. Mo gbà pé ibi téèyàn ń gbé ló yẹ kó kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè yìí, kí owó tó dá sí i, kí orúkọ tó wà lára páálí tó dá sí i.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọmọdé bá tẹ bọ́tìnì kan lára pádì. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ tó wà nílé, àṣẹ yẹn gba afẹ́fẹ́ láti ara pádì dé inú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ṣírò ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀, ó ya àwòrán rẹ̀, ó sì gbé e gba wáyà HDMI lọ sójú tẹlifíṣọ̀n. Gbogbo ìrìn yẹn kò jáde ní pálọ̀. Géèmù tó bá ń sáré dáadáa máa ń ya àwòrán 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Bí a bá gé ìṣẹ́jú àáyá kan sí ìdá 1,000, ìdá bíi 17 péré ni àwòrán kọ̀ọ̀kan ní láti fi jáde.

Ní ti àtòkèèrè, àṣẹ náà máa fi pálọ̀ sílẹ̀. Á gba Wi-Fi dé ọ̀dọ̀ ráútà, á bọ́ sínú wáyà abẹ́ ilẹ̀, á lọ sí ilé ńlá kan tí wọ́n to ẹ̀rọ jọ sí lórí pẹpẹ. Ní ti Microsoft, irú èròjà tó wà nínú Xbox Series X gan-an ni wọ́n tò síbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ya àwòrán náà, wọ́n á fún un pọ̀ kó lè fúyẹ́, wọ́n á dá a padà sórí wáyà, tẹlifíṣọ̀n ilé rẹ á sì tú u síta. Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé, "Ṣebí fíìmù ń ti orí íntánẹ́ẹ̀tì wá láìdúró, kí ló dé tí géèmù ò ní lè wá?" Fíìmù lè kó díẹ̀ pa mọ́ ṣáájú. Ẹ̀rọ ti mọ ohun tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú kan sí i, torí náà bí nẹ́tíwọ̀kì bá ṣẹ́jú, ẹ ò ní mọ̀. Géèmù kò lè kó ohunkóhun pa mọ́, nítorí kò sí ẹ̀dá tó mọ bọ́tìnì tí ọmọ rẹ máa tẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́.

Ibí ni jíjìnnà ti ń di ìṣòro. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gbé iṣẹ́ gba inú wáyà fáíbà ń rin nǹkan bíi 200 kìlómítà láàárín ìdá kan nínú ìdá 1,000 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ó yára gan-an, ṣùgbọ́n ó lópin, kò sì sí olówó tó lè sanwó kó yára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti Èkó dé London tó nǹkan bíi 5,000 kìlómítà béèyàn bá fà á tààrà. Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 10,000. Ìyẹn ti jẹ ìdá 50, àwòrán mẹ́ta ti kọjá lójú tẹlifíṣọ̀n kí ẹ̀rọ kankan tó ṣiṣẹ́ kankan. Wáyà abẹ́ òkun kì í sì í lọ tààrà, etí òkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ló ń yí po kó tó dé Yúróòpù. Ẹ wá fi ti Wi-Fi kún un, ẹ fi ti fífún àwòrán pọ̀ àti títú u síta kún un. Láti Manchester dé London kò tó 300 kìlómítà lójú ọ̀nà tààrà, àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ kò ju ìdá mẹ́ta lọ.

Ẹni tó bá ń ta FC, géèmù bọ́ọ̀lù tí àwọn ọmọ ilé géèmù wa ṣì ń pè ní FIFA bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti yí orúkọ rẹ̀ padà láti ọdún 2023, á mọ ohun tí mò ń sọ. Kéèyàn tó gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ alátakò, àfi kó tẹ bọ́tìnì ní àkókò rẹ̀ gan-an. Bí àwòrán tó ń wò bá ti pẹ́ lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́, ẹsẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni ló máa gbá, réfírì á sì fún un ní káàdì. Ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú géèmù ìjà bíi Tekken àti Mortal Kombat, níbi tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ta ti ń fi iye àwòrán ka bí ẹ̀ṣẹ́ kan ṣe yá sí. Géèmù tí kò bá kánjú, irú èyí tí wọ́n fi ń dáko, tí wọ́n fi ń kọ́ ìlú, tàbí èyí tó dá lórí ìtàn, kò bìkítà fún ìdá 50.

Ní ti Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ náà kò tilẹ̀ tíì dé orí pé bóyá ó yára tàbí kò yára. Nígbà tí Microsoft bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, orílẹ̀-èdè 22 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ọ̀kan láti ilẹ̀ Áfíríkà nínú wọn. Títí ọdún 2025 fi parí, Nàìjíríà kò wọ inú ìwé wọn. Ti Sony tó ń ṣe PlayStation pẹ̀lú, PlayStation Network, ìyẹn ètò wọn orí íntánẹ́ẹ̀tì, kò ní Nàìjíríà nínú àwọn orílẹ̀-èdè tó ń lò ó. Gbogbo àwa tí a ń ta PlayStation níbí, àdírẹ́sì Amẹ́ríkà tàbí ti Ìlú Ọba la fi ṣí àkáǹtì wa, gift card la sì ń rà láti fi sanwó. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, nígbà tí Sony ní dandan ni káwọn tó ń ta Helldivers 2 lórí kọ̀ǹpútà ní àkáǹtì PlayStation, wọ́n dáwọ́ títa géèmù náà dúró lórí Steam, ọjà géèmù kọ̀ǹpútà orí íntánẹ́ẹ̀tì, ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 170 tí PlayStation Network kò sí. Tiwa wà níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kan máa ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn, wọ́n á fi VPN díbọ́n pé Ìlú Ọba làwọn wà. Wáyà kò mọ VPN o. Ọ̀nà tó jìn náà ni iṣẹ́ rẹ̀ máa rìn, ó sì tún máa yà bàrá kó tó débẹ̀.

Dátà ńkọ́? Nvidia ní kí ẹni tó bá fẹ́ rí àwòrán tó mọ́ kedere, ìyẹn 1080p, ní íntánẹ́ẹ̀tì tó ń sáré ní 25 Mbps. Bó bá ń fà á bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan gbáko, ó ti jẹ dátà tó lé ní GB 11. Ti 720p tó rẹlẹ̀ sí i jẹ́ 15 Mbps, ìyẹn sì súnmọ́ GB 7 ní wákàtí kan. Gbogbo wa la mọ iye tí dátà di lẹ́yìn tí NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ fóònù àti dátà, fọwọ́ sí àfikún tó tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù kìíní ọdún 2025. Ọmọ tó bá ta géèmù fún wákàtí méjì lálẹ́ ọjọ́ Satide á jẹ dátà tí ìyá rẹ̀ rò pé ó máa gbé gbogbo ilé dé ìparí oṣù.

Mo rántí oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí wáyà abẹ́ òkun bà jẹ́ nítòsí Abidjan. Àwọn wáyà WACS, MainOne, SAT-3 àti ACE ló kàn lẹ́ẹ̀kan náà, íntánẹ́ẹ̀tì sì ṣe ségesège jákèjádò ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, títí kan àwọn báńkì wa. Ẹni tó ní síìdì nínú ẹ̀rọ rẹ̀ kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Ohun kan wà tó máa ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ti iná ni. PS5 tó ń ta géèmù ńlá lè máa jẹ iná tó nǹkan bíi 200 watt, láìka tẹlifíṣọ̀n. Fire TV Stick, ohun kékeré tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n tó sì lè gba géèmù àtòkèèrè, kò jẹ 10. Ní ilé tó ń lo ínfátà pẹ̀lú bátìrì kan ṣoṣo, ìyàtọ̀ yẹn pọ̀ gan-an. Nínú gbogbo ayé, ilẹ̀ tiwa yìí ló yẹ kí géèmù àtòkèèrè wúlò fún jù, nítorí pé ẹ̀rọ ńlá kò ní sí nílé tí iná máa bà jẹ́ nígbà tó bá lọ tó tún dé wìì. Mo ń rí i lójoojúmọ́: ẹ̀rọ tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi, tí iná kan ṣoṣo tó wọlé pẹ̀lú agbára ti sọ páwà rẹ̀ di èédú. Ọmọ tó gbé e wá á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi, á máa wo ọwọ́ mi. Kí àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí to ẹ̀rọ wọn sí Èkó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wáyà abẹ́ òkun ti ń gúnlẹ̀, kí dátà sì wálẹ̀, màá jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa sọ fún àwọn oníbàárà mi pé kí wọ́n má ra ẹ̀rọ mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oúnjẹ mi ni. Ọjọ́ yẹn kò tíì dé.

Torí náà ni mo ṣe sọ fún onílé géèmù Agbowó pé ẹ̀rọ ni kó rà, kó sì jẹ́ olójú síìdì. Tòkunbọ̀ tó bá mọ́ kò burú. Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ojú síìdì ni pé síìdì ni ọjà wa níbí. Ọmọ kan ta FC títí ó fi sú u, á gbé e lọ sí Computer Village n'Ìkẹjà tàbí kó fi ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ládùúgbò. PS5 sì ń ta èyí tó pọ̀ jù nínú síìdì PS4, nítorí náà èyí tó ti wà nílẹ̀ kò ṣòfò. Ẹni tó bá ra èyí tí kò ní ojú síìdì nítorí pé ó dínwó, gbogbo géèmù rẹ̀ ló máa ti orí íntánẹ́ẹ̀tì wá, àwọn mìíràn nínú wọn sì ju GB 100 lọ. Àyè inú PS5 àkọ́kọ́ pẹ̀lú kò ju GB 825 lọ, èyí tó ṣẹ́ kù fún géèmù níbẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 667. Kò pẹ́ tó fi máa kún.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ má ṣe gbé e kúrò níwájú ẹni tó ń tà á kí ẹ tó ta géèmù lórí rẹ̀ fún bíi wákàtí kan. Ẹ̀rọ tí iṣẹ́ rẹ̀ ti ń bàjẹ́ lè dára fún ogún ìṣẹ́jú, ìgbà tó bá gbóná tán ló máa pa ara rẹ̀. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wo ihò HDMI rẹ̀, ẹ wò ó bóyá eyín inú rẹ̀ tò gún. Ẹ ki síìdì bọ̀ ọ́, ẹ yọ ọ́, ẹ tún kì í bọ̀ ọ́. Ẹ mú ọwọ́ kúrò lára pádì pátápátá, kí ẹ wo bóyá agbábọ́ọ̀lù á máa dá rìn. Ẹ so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wọ inú àkáǹtì kan lójú ẹsẹ̀, torí ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ti fòfin dè kì í kọ ọ́ síwájú orí. Èyí tó bá jẹ́ PS5 tín-ín-rín tó jáde lọ́dún 2023, ojú síìdì rẹ̀ ṣeé yọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fi òmíràn sí i ní láti so ẹ̀rọ náà mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì kó tó gbà á. Ẹni tó bá sì rí èyí tó ti Amẹ́ríkà wá kò ní láti bẹ̀rù iná wa, páwà PS5 gba láti 100 dé 240 volt, orí wáyà nìkan lẹ máa pààrọ̀. Nígbà ọyẹ́, ẹ bò ó bẹ́ ò bá lò ó, eruku ló ń pa fáànù.

Ní ti àbúrò mi, mo sọ fún un pé kó má tíì ná kọ́bọ̀ kan. Ó ní íntánẹ́ẹ̀tì fáíbà nílé, ó ní Fire TV Stick lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, ilé tó ń gbé kò sì jìn sí ibi tí àwọn ẹ̀rọ náà wà. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2022 ni Microsoft ti gbà kí àwọn èèyàn máa ta Fortnite láti òkèèrè lọ́fẹ̀ẹ́, láìsan owó oṣooṣù kankan. Mo ní kó yá pádì lọ́wọ́ aládùúgbò, kó ṣí àkáǹtì, kí ọmọ náà ta á láàárín aago méje sí mẹ́sàn-án alẹ́, nígbà tí gbogbo àdúgbò ti dé láti ibi iṣẹ́ tí kálukú ń wo fíìmù. Bó bá dára ní aago méjì ọ̀sán, kò tíì fi nǹkan kan hàn. Mo tún ní kó gbìyànjú rẹ̀ lórí fóònù ní ẹ̀gbẹ́ ráútà, kó wá gbìyànjú rẹ̀ ní yàrá ọmọ náà lókè. Ohun tó wá sọ fún mi ni pé nísàlẹ̀, kò sí wàhálà. Lókè, àwòrán ń fọ́ yángá, ọmọ náà sì ń kígbe. Wi-Fi inú ilé ló fà á. Ọkọ rẹ̀ ra wáyà ráútà gígùn kan àti ohun kékeré tí wọ́n fi ń so Fire Stick mọ́ wáyà, igbe sì dáwọ́ dúró. Nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa géèmù àtòkèèrè, wáyà yìí ló ń yanjú nǹkan jù, òun sì làwọn tó ń polówó rẹ̀ kì í sábà mẹ́nu bà.

Ó wá ku owó. Game Pass Ultimate, ètò oṣooṣù Microsoft tó ní géèmù àtòkèèrè nínú, jẹ́ £14.99 lóṣù ní Ìlú Ọba tẹ́lẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, wọ́n gbé e sí £22.99. Lọ́dún kan, £275.88 nìyẹn. Lọ́dún mẹ́ta, ó jẹ́ £827.64, láì tíì ra pádì. PS5 olójú síìdì jẹ́ £479.99 nígbà tí wọ́n ń ṣe àfikún yẹn. Ẹni tó bá wo iye méjèèjì yìí nìkan á ní ẹ̀rọ ló dínwó, ṣùgbọ́n nínú £22.99 yẹn, géèmù tó pọ̀ ló wà níbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé síìdì tuntun kan ṣoṣo lè tó £60 tàbí £70. Ètò tó rẹlẹ̀ sí i wà tó ní àtòkèèrè nínú, géèmù inú wọn ló kéré. Ti Nvidia yàtọ̀: géèmù tí o ti rà fúnra rẹ lórí ọjà bíi Steam tàbí Epic lo máa ta, ẹ̀rọ nìkan ni wọ́n ń yá ọ. Wọ́n ní apá kan tó jẹ́ ọ̀fẹ́ fún wákàtí kan lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó ń sanwó pàápàá, wákàtí 100 lóṣù ni wọ́n fi dí wọn láti ọdún 2025. Ìyẹn ju wákàtí mẹ́ta lọ lójúmọ́, bí ọmọ ẹ bá sì ń ta jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Ìbéèrè tí mo bi àbúrò mi nìyí: "Géèmù mélòó lọmọ yìí ń ta gan-an?" Ó ronú díẹ̀. Ó ní Fortnite, FC, pẹ̀lú èyíkéyìí tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá sọ fún un lọ́sẹ̀ yẹn. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀, tó ń tọ́ gbogbo nǹkan wò, owó oṣooṣù lè yẹ ẹ́ fún sáà kan. Ọmọ tó bá ń ta bọ́ọ̀lù nìkan láti January dé December, ẹ ra ẹ̀rọ àti síìdì kan fún un.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà tí mo fẹ́ kí òbí gbọ́. Ẹni tó ń san owó géèmù àtòkèèrè, ayálégbé ni. Ọjọ́ tí onílé bá ní òun fẹ́ lo ilé òun, kò sí ohun tó lè gbé lọ. Ó ti ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tí gbogbo ayé rí i. OnLive bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2010, wọ́n pa á dé ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 2015, ohun tí àwọn èèyàn ti rà síbẹ̀ sì bá a lọ. Google náà gbé Stadia jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2019 pẹ̀lú ariwo púpọ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kìíní ọdún 2023, wọ́n pa á. Google dá owó géèmù àti pádì padà fún àwọn oníbàárà, mo sì yìn wọ́n fún ìyẹn, ṣùgbọ́n kò dájú pé ẹlòmíràn máa ṣe bẹ́ẹ̀. Síìdì PS2 tí ẹnìkan rà lọ́dún 2003 ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí tábìlì mi títí di òní. Ẹ̀gbọ́n ta á, ó gbé e fún àbúrò, àbúrò gbé e fún ọmọ ẹ̀gbọ́n. Bí nǹkan ṣe ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ ní ilé wa nìyẹn, kò sì sí bí ẹ ṣe lè fi owó oṣooṣù sílẹ̀ ní ogún fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ilé pàápàá ti ń rìn lọ sí ibi tí ayálégbé wà, díẹ̀díẹ̀. PS5 Pro tó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2024 ní £699.99 kò ní ojú síìdì nínú páálí rẹ̀. Àwọn páálí géèmù kan fún Nintendo Switch 2, tó jáde ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2025, kò ní géèmù nínú káàdì rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ lásán ló wà níbẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ máa ti fa géèmù náà wọlé. Ẹ ka ara páálí dáadáa kí ẹ tó sanwó.

Àbúrò mi àti ọkọ rẹ̀ pinnu láti san ti oṣooṣù fún sáà kan ní àkọ́kọ́. Owó tó yẹ kí wọ́n fi ra ẹ̀rọ wà nínú báńkì. Bí ọmọ náà bá ṣì ń ta géèmù tọkàntọkàn nígbà tó bá yá, wọ́n á ra olójú síìdì fún un. Ó ní àwọn ń bọ̀ wálé nígbà ọlidé, ó sì bi mí bóyá kí òun gbé Fire Stick yẹn dání kí ọmọ lè máa ta géèmù rẹ̀ níbí. Mo ní kó fi sílẹ̀ sí Manchester, kò ní bá a ṣiṣẹ́ n'Ìbàdàn. Kó bá mi ra síìdì FC tòkunbọ̀ kan tàbí méjì àti pádì kan tó dáa. PS4 wà ní pálọ̀ mi, bátìrì ínfátà ti kún, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ti ń tò sí ìlà láti fún ọmọ náà ní góòlù márùn-ún.